Ta Ni Yóò Da Aṣọ Bò Ó?

Nínú gbogbo àìsàn tí ọmọ aráyé ń bá jìjàkadì, ó ṣòro kí a tó rí èyí tí àwọn baba wa kórìíra àtidárúkọ rẹ̀ tó wárápá. Nítorí ibà a máa múni lórí ẹní, inú rírun a máa múni nínú ìyẹ̀wù, ṣùgbọ́n wárápá, agbéniṣánlẹ̀-lójú-ọjà, kì í bèèrè bóyá ààrin àna ẹni ni a wà tàbí ààrin ọ̀tá.

Ọbàtálá, alámọ̀ rere, ni a gbà pé ó mọ abuké, àfín àti arọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, tí a sì fi ààyè wọn sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wárápá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 22, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, tí wọ́n ń bá a tọrọ ìyàwó lọ́wọ́, ta ni yóò pè é ní ẹni òrìṣà? Gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ ọ́n sí géńdé. Ara líle àná rẹ̀ ni ó wá di ẹlẹ́rìí tí ń takò ó. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ni wọ́n ń wí, wọ́n sì ń wá ọwọ́ ayé kiri nínú ẹbí.

Èmi kò bá ẹni tí ó gba àkúnlẹ̀yàn tàbí ọwọ́ ayé gbọ́ jiyàn. Síbẹ̀, àwọn oníṣègùn mọ̀ pé ọgbẹ́ orí láti inú jàǹbá ọkọ̀, àrùn rọpárọsẹ̀, kókó inú ọpọlọ, àní ẹyin aràn ẹlẹ́dẹ̀ tí a bá oúnjẹ ẹlẹ́gbin gbé mì, lè mú wárápá bẹ̀rẹ̀ lára àgbà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí nípa wárápá ní ìlú Igbó-Ọrà, tí wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1987, nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 1000 ni wọ́n bá a lára wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì wí pé tó 70 nínú 100 àwọn tí wárápá ń ṣe ni ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìṣubú bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tí ó yẹ. Ọwọ́ ayé tí kóró oògùn alaalẹ́ ń ṣẹ́gun, irú ọwọ́ ayé wo nìyẹn?

Ṣùgbọ́n oògùn kì í dáhùn gbogbo ìbéèrè. Hádíìsì kan wà tí Bukhari gbà sílẹ̀, nípa obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó tọ Ànábì lọ pé wárápá ń gbé òun ṣubú, aṣọ a sì máa ṣí lára òun. Ànábì fi ohun méjì lọ̀ ọ́: kí ó ṣe sùúrù, kí Alùjánnà jẹ́ èrè rẹ̀, tàbí kí òun bá a tọrọ ìwòsàn. Obìnrin náà yan sùúrù. Kìkì ohun tí ó bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí aṣọ má ṣí lára òun mọ́.

Mo ti ro ẹ̀bẹ̀ yìí títí. Ìṣubú kò tó ohun tí ń bà á lẹ́rù. Ojú àwọn tí ń wò ó ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún géńdé wa: ọjọ́ tí ó bá ṣubú, a ó sá nítorí itọ́ rẹ̀, itọ́ tí kì í ran ẹnikẹ́ni, ẹni tí kò bá sì sá á ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ó bá ṣẹlẹ̀ níṣojú yín, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ wo aago. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìborùn tí ń bẹ léjìká yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi bò ó.