Ìgbàgbọ́ Ìyá Tí Kò Rí Àdúrà Gbà

Ní Ilé-Ìwòsàn Komfo Anokye, ní Bantama, Kumasi, ní ilẹ̀ Ghana, a máa ń kọ́ ìyá tí ó bí ọmọ láìpé oṣù láti so ó mọ́ àyà, ara kan ara, kí ooru ara rẹ̀ lè pa ọmọ náà mọ́. Ní Bogotá ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí ní 1978, nígbà tí àpótí tí ń mú ọmọ móoru kò tó.

Ìyá tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó lè gbàdúrà mọ́, ǹjẹ́ ó ṣì ní ìgbàgbọ́? Àwọn ará ìjọ a máa bá a wí nítorí ẹkún rẹ̀. (Àwa tí ń kọ́ni ni ó jẹ̀bi èyí.) Nínú èdè wa, gbígbà àti gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà gbòǹgbò mẹ́ta tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ Hébérù fún gbígbàgbọ́, tí ó sì wà nínú "Àmín," ni ó wà nínú orúkọ tí Rúùtù 4:16 pe Náómì nígbà tí ó gbé ọmọ lé àyà: alágbàtọ́. Ẹ kíyè sí i pé "gbà" wà nínú èyí pẹ̀lú.

Bí ọmọ náà bá sì kú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí fún ìyá náà pé kò gbàgbọ́ tó. Ó gbé e mọ́ àyà títí.