Mànàmáná Nínú Fótò: Láàárín Ìròyìn àti Àfojúbà

Fótò mànàmáná jẹ́ àwòrán ohun tí ojú rí tí kò sì ráyè wò. Mànàmáná kì í sábà lò tó ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó parẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà tó gbà kọjá nínú afẹ́fẹ́ máa ń gbóná tó nǹkan bí 30,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru tó tó ìlọ́po márùn-ún ti ojú oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ yà á a máa wá ibi gíga, pàápàá bákónì ilé alájà púpọ̀, níbi tí òrùlé àti igi kò ti ní dí ojú ọ̀run mọ́ ọn. Ìbéèrè méjì ló dìde níbẹ̀. Àkọ́kọ́: ṣé mànàmáná ló wà nínú fótò náà, àbí ipa tó fi sílẹ̀? Èkejì: nígbà tí àrá bá di ohun ìwòran, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìbẹ̀rù tí ẹ̀sìn ti fi bò ó láti ọjọ́ pípẹ́?

Bí a ṣe ń ya fótò náà ló kọ́kọ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Kò sí ìka tó yá tó mànàmáná. Kí ọwọ́ tó tẹ kámẹ́rà, iná ti kọ, ó ti kú. Ìdí nìyí tí ayàwòrán fi ń gbé kámẹ́rà lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lálẹ́, tí yóò ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ọgbọ̀n, tí yóò sì máa retí. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé láàárín àkókò náà ni yóò dúró sínú àwòrán. Bí mànàmáná bá kọ lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò hàn pọ̀ bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n kọ. Ojú ọ̀run tí fótò bẹ́ẹ̀ fi hàn, kò sí ojú ènìyàn kankan tó rí i rí. Síbẹ̀ kì í ṣe irọ́, nítorí kò sí ìmọ́lẹ̀ kan nínú rẹ̀ tí kò kọ lóòótọ́. Ohun tí àkókò tú ká ni kámẹ́rà kó jọ.

Kámẹ́rà tilẹ̀ ti bá ojú tún àṣìṣe ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, eyín ayùn ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù máa ń fi mànàmáná jọ, tó ń ṣẹ́ sọ́tùn-ún ṣẹ́ sósì. Ní ọdún 1882, William Jennings ya fótò mànàmáná ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ohun tó jáde kò jọ ayùn rárá. Ó pẹ̀ka bí gbòǹgbò igi tí àgbàrá wọ́ yanrìn kúrò lára rẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Ìpele méjì ni òwe yìí mọ̀: ohun tí a gbọ́ àti ohun tó ṣojú ẹni. Àárín méjèèjì ni fótò bọ́ sí. Ó ju ìròyìn lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ mànàmáná fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Kò sì tó àfojúbà, nítorí atẹ́gùn òjò, òórùn ilẹ̀ tútù àti ìró tó ń mi fèrèsé kò sí nínú rẹ̀.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn olùsìn Ṣàngó. Ẹdùn àrá ni òkúta dídán tí wọ́n gbà pé Ṣàngó ń jù láti òkè, tí wọ́n ń tọ́jú sí ojúbọ lórí odó Ṣàngó. Àwọn onímọ̀ ìtàn ayé àtijọ́ sọ pé àáké òkúta tí àwọn ènìyàn lò kí irin tó dé ni púpọ̀ nínú wọn. Mànàmáná tilẹ̀ ní òkúta tirẹ̀ lóòótọ́: bó bá wọ inú yanrìn, ooru rẹ̀ a yọ́ yanrìn náà di dígí tó dà bí ọ̀pá oníhò. Ẹdùn àrá, dígí inú yanrìn àti fótò, ọ̀kan ni wọ́n ní ti pé ọwọ́ lè dì wọ́n mú lẹ́yìn tí iná ti lọ. Kò sí èyí tó jẹ́ iná náà nínú wọn.

Ìbéèrè kejì dá lórí ibi tí ayàwòrán dúró sí. Edmund Burke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1757, ṣàlàyé pé ewu tó bá sún mọ́ni jù kò lè dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí àyè díẹ̀ bá wà láàárín, ìbẹ̀rù rẹ̀ lè di adùn. Ní ọdún 1790, Immanuel Kant, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ará Jámánì, ka ìkùukùu dúdú, mànàmáná àti àrá mọ́ ohun tó ń mú ọkàn gbòòrò, bí ẹni tó ń wò wọ́n bá ṣáà wà níbi ààbò. Ní ti Kant, ẹni tó dúró níbẹ̀ yóò mọ̀ pé ara òun kò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjì, yóò sì tún mọ̀ pé nǹkan kan ń bẹ nínú òun tí ìjì kò lè borí. Bákónì gan-an ni irú ibi tí àlàyé yìí ń fẹ́.

Jíjìnnà tí ẹ̀sìn ń sọ kì í ṣe irú èyí. Ní òkè Sínáì, gẹ́gẹ́ bí ìwé Ẹ́kísódù ṣe ròyìn rẹ̀, wọ́n pa ààlà yí òkè ká, àwọn ènìyàn sì dúró lókèèrè pẹ̀lú ìwárìrì nígbà tí àrá ń sán. Ọ̀wọ̀ ló mú wọn jìnnà, kì í ṣe ìran wíwò. Súrà kẹtàlá nínú Al-Kùránì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àrá, so ìbẹ̀rù àti ìrètí pọ̀ nínú mànàmáná kan ṣoṣo: iná rẹ̀ ń dẹ́rù bani, òjò ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni àgbẹ̀ ń retí. Ní ti Ṣàngó, jíjìnnà kò tilẹ̀ sí. Ìdájọ́ ni àrá rẹ̀ lórí olè, òpùrọ́ àti ẹni tó búra èké. Ilé tí àrá bá jà, àwọn oníṣàngó ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ láti ṣe ètùtù. Nígbà tí àrá bá sán, “Kábíyèsí” ni olùsìn rẹ̀ ń dáhùn, nítorí ọba ló sọ̀rọ̀. Kant fi ẹni tó wà ní bákónì ṣe òǹwòran; oníṣàngó mọ̀ pé òun náà ni a ń wò.

Ère Jésù tó wà lórí òkè Corcovado ní Rio de Janeiro fi hàn bí fótò kan ṣe lè gba gbogbo èrò wọ̀nyí. Láti ọdún 1931 tí wọ́n ti ṣí i ni àrá ti ń bá a. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, àrá ṣẹ́ díẹ̀ lára ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, fótò mànàmáná tó bọ́ sí orí ère náà tàn ká ayé. Onígbàgbọ́ lè rí ògo Ọlọ́run níbẹ̀. Ẹni tó ń sin Ṣàngó, tí wọ́n ń pè ní Xangô, ní Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé òrìṣà yìí dé, lè rí ọba tirẹ̀. Ẹnjiníà yóò rí ọ̀pá irin tó ń gba àrá lórí ère náà tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Fótò kan náà ni gbogbo wọn ń wò, kò sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́rìí pé iná bọ́ síbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò sí nínú ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà gbà.

Ààbò bákónì fúnra rẹ̀ kò dájú. Mànàmáná lè bọ́ sí ibi tó ju kìlómítà mẹ́wàá lọ sí ibi tí òjò ti ń rọ̀, irin tí a fi ṣe ọgbà bákónì sì lè gbé e dé ara ẹni. Ìró àrá máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láti rin kìlómítà kan. Bí ẹni tó ń kà á láti ìgbà tí mànàmáná kọ kò bá tíì ka ọgbọ̀n kí àrá tó sán, ìjì ti wà nítòsí. Inú ilé ló yẹ kó wọ̀, kó má sì jáde títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. Kámẹ́rà lè máa bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn fèrèsé tí a tì.

Òǹkà yìí ni fótò kò lè gbé wá. Ìró àrá ló ń sọ bí iná ṣe jìnnà tó, kò sì sí ìró nínú àwòrán. Nítorí náà, ẹni tó ń wo fótò mànàmáná kò lè mọ̀ láti inú rẹ̀ bóyá ó jìnnà sí ayàwòrán tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹwà rẹ̀ dúró sínú àwòrán, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì ṣẹ́kù sọ́dọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀ tó ń kà á, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wá ẹnu ọ̀nà.