Ìwé Àròsọ àti Ìwé Àkọsílẹ̀: Èwo Ni Ó Purọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń bi wá léèrè pé, àǹfààní wo ni ó wà nínú kí àgbàlagbà jókòó ti ìwé tí ń ròyìn ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹni tí a ti kọ́ láti kékeré pé irọ́ pípa kò dára ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ó mú ìtàn àròsọ yàtọ̀ sí irọ́. A ó gbìyànjú láti dáhùn, a ó sì fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa ṣe ẹ̀rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí náà kò gbè wá.

Ó ti pẹ́ tí a ti ní ìwé àkọsílẹ̀ kan ní ilé wa ní Ìlọ́fà, nínú èyí tí a ń kọ orúkọ gbogbo ìwé tí a bá kà, orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ọjọ́ tí a kà á tán, àti gbólóhùn kan nípa ohun tí a rí nínú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni a pín in sí. Apá kìíní ni ti ìwé iwin àti ẹbọra. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó kọ, tí a sì tẹ̀ ní 1938, ni ó wà lókè pátápátá. Apá kejì ni ti àwọn ìwé tí ó fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ro ohun tí ó lè dé lọ́la. Apá kẹta ni ti ìwé ẹ̀rín, irú èyí tí Jerome K. Jerome, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1889, nípa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n mú ajá wọn lọ wa ọkọ̀ lójú odò Thames, tí wọn kò sì rí agolo ọ̀pẹ̀-òyìnbó kan ṣoṣo ṣí.

Ní ọjọ́ kan, bàbá wa kan láti Òsì wọlé bá wa níbi tí a gbé ń kàwé tí a sì ń dá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Irun ti ń funfun lórí rẹ, ìwọ ọmọ yìí, irọ́ ni o sì jókòó tì!" A kò bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n ọkàn wa ń ro ó. Òsì kan náà ni ìlú Aréògún, àgbà agbẹ́gilére tí ó kú ní 1954. Ní Odò-Ọwá, tí kò jìnnà sí wa, ni Bámigbóyè gbé gbẹ́ igi, ẹni tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ fún àfihàn ní 2022. Àwọn méjèèjì gbẹ́ ère Ẹ̀pà: ojú ràbàtà ní ìsàlẹ̀, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní, jagunjagun lórí ẹṣin, tàbí ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀, lókè. Ta ni ó pe Aréògún ní òpùrọ́ rí? Olúkúlùkù mọ̀ pé igi ni. Síbẹ̀ ó rí nínú igi náà bí akíkanjú ti í rí, àti ohun tí ìyá jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni alálọ̀ọ́. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní "Ààlọ́ o!", àwọn ọmọ sì dáhùn pé "Ààlọ̀!" Láti ìgbà náà lọ ni àtẹni tí ń sọ̀rọ̀ àtẹni tí ń gbọ́ ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Nítorí náà, ní èrò tiwa, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ kò ṣẹlẹ̀ ni ó sọ ọ́ di irọ́, bí kò ṣe pé a fi í tan ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé wa. Ní 1865, Jules Verne, ará Faransé, kọ ọ́ pé a fi àgbá ńlá yin ènìyàn sí ojú òṣùpá. Ẹni tí ó bá dán an wò yóò kú kí ó tó fi ilẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ ènìyàn tẹ òṣùpá ní oṣù Keje 1969, kò sí ẹni tí ó ní Verne tan òun jẹ, nítorí ó ti pe ààlọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí ó ṣòro. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú Akéde Èkó bí ẹni pé obìnrin kan ni ó ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Ìtàn náà dùn, ó sì kọ́ ni lẹ́kọ̀ọ́; ṣùgbọ́n ó pa àlọ́ láìpe ààlọ́. A kò lè pè é ní òpùrọ́ bí a ti í pe gbájú-ẹ̀. A kò sì lè dá a láre pátápátá.

Kí a tó dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́ jù, ẹ jẹ́ kí a ka ẹsùn tiwa. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa, a kọ Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, ìwé Fágúnwà tí ó jáde ní 1954, a fi ọjọ́ sí i, a sì kọ síwájú rẹ̀ pé: "Ó kún fún ọgbọ́n, òpin rẹ̀ dára ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ." Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé a kò kà á dé ìdajì. Iṣẹ́ dé, a pa á tì. Ojú sì ń tì wá pé kí àyè rẹ̀ ṣófo láàrin àwọn ìwé Fágúnwà yòókù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ìwé àkọsílẹ̀ wa ni ó fi ń mọ ìwé tí yóò kà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó bi wá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, nígbà tí àwọn akíkanjú náà dé Òkè Ìrònú, kí ni wọ́n bá níbẹ̀?" A wúkọ́, a ní kí ó lọ kà á fúnra rẹ̀, kí òpin ìtàn má baà tẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà dúpẹ́, ó lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a rí ìwé kékeré kan lórí tábìlì. Òun náà ti ń ṣe àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Orúkọ ìwé náà wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, gbólóhùn tiwa sì tẹ̀ lé e, láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ adìyẹ tí ó fi sàmì sínú ìwé Fágúnwà kò tíì kọjá ojú-ewé kẹwàá.

A kò lè bá a wí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa bá wa nínú ìkọ̀wé ọmọdé. A pè é, a fa gègé kọjá lórí gbólóhùn wa lójú rẹ̀, a sì kọ "A kò kà á tán" sí i. Ó wò wá pẹ́, lẹ́yìn náà ó mú gègé náà lọ́wọ́ wa, ó ṣe bákan náà sí tirẹ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni àwa méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ìwé náà láti ojú-ewé kìíní, ó ń kà, a ń gbọ́.

Nígbà tí bàbá wa láti Òsì bá tún dé, a ti mọ ohun tí a ó wí fún un. Irọ́ kan wà nínú ilé wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé iwin. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí olúkúlùkù yẹ ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ wò.