Ìdajì Hóró Oògùn

Ká ní aago mẹ́fà ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, nínú agboolé kan lẹ́yìn ọjà Kaneshie ní Accra. Ológbò agboolé náà kò jẹun láti àná. Ó ká jọ sẹ́yìn àpò gàrí, imú rẹ̀ ń ṣomi, ìpin ti di ojú rẹ̀ pa. Ìyá kan tó ń ta tòmátì àti ata fọwọ́ kàn án létí, ó rí i pé ara rẹ̀ ń jó bí iná. Ó yọ hóró paracetamol kan nínú páálí, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ìdajì rẹ̀ kúnná, ó pò ó mọ́ omi ẹja, ó sì rọra tọ́ ọ sí i lẹ́nu. "Pẹ̀lẹ́ o, ibà ni, á lọ." Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi ṣe é. Ohun tó máa ń ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn, ohun tí ìyá tirẹ̀ náà ṣe fún un ní kékeré nìyẹn.

Kó tó di ọ̀sán, èrìgì ológbò náà á ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi kọfí, ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú, á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Kì í ṣe ibà ló ń ṣe é mọ́. Oògùn ni. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn ní èròjà kan tó ń so paracetamol mọ́ nǹkan mìíràn kí ara lè tọ̀ ọ́ dànù láìsí wàhálà. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní èròjà yìí tó. Ìran rẹ̀ ti pàdánù rẹ̀ láti ayébáyé, àti òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ bíi kìnnìún. Nítorí náà, oògùn tó ń tu ọmọ ènìyàn lára á di májèlé nínú rẹ̀, á ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé ẹ̀jẹ̀ náà kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara mọ́. Ibẹ̀ ni àwọ̀ kọfí inú èrìgì yẹn ti wá. Hóró kan tí í ṣe mílígíráàmù 500, tí àgbàlagbà ń gbé méjì mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lè pa ológbò tí kò wọ̀n ju kílò mẹ́rin lọ. Ìdajì rẹ̀ náà lè pa á.

Ibí yìí gan-an ni ìdájọ́ ti le. Bí ìyá náà bá ti fẹsẹ̀ gbá ológbò náà síta ni, kò sẹ́ni tó máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ pé ìwà yẹn kò yẹ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n àánú ló ṣe é. Bí àwọn àgbà bá ń ka ohun tó ń sọni di ọmọlúàbí, wọn a ka inú rere, wọn a ka òtítọ́, wọn a ka ìtẹríba, akínkanjú àti iṣẹ́. Wọn a sì ka ọpọlọ pípé. Ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ kí inú rere dúró fún ọpọlọ, bí ẹni pé ọ̀kan lè san gbèsè tí èkejì jẹ. Onímọ̀ Ifá Wándé Abímbọ́lá, nínú àròkọ rẹ̀ lórí ìwà pẹ̀lẹ́ tó jáde ní 1975, ṣàlàyé ìtàn inú Ifá tó sọ pé obìnrin ni Ìwà, pé Ọ̀rúnmìlà ló fẹ́ ẹ, àti pé Sùúrù ni bàbá tó bí i. Ẹni tó bá ti gbìyànjú rí láti fún ológbò lóògùn á mọ ìdí tí bàbá ìyàwó yẹn kò fi gbọdọ̀ jìnnà sílé.

Kí wá ni ẹ̀bi ìyá yìí? Kò ṣìkà. Kò béèrè ni.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tó yẹ kó bi kò jìnnà. Yunifásítì Ghana ní Legon ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko, Yunifásítì KNUST ní Kumasi ní tirẹ̀, dókítà ẹranko sì wà káàkiri Accra. Bí kò bá tiẹ̀ sówó láti lọ, ìbéèrè lórí fóònù kò lè náni ní púpọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé dókítà ẹranko wà fún màlúù, adìyẹ, àti ajá olówó. Ti ológbò, wọ́n á ní kó lọ wá koríko jẹ.

Kaneshie fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi tí a lè gbójú fo ológbò. "Lábẹ́ àtùpà" ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Gã, ọjà sì ni ẹ̀mí àdúgbò náà títí dòní. Ibi tí iṣu, àgbàdo, gàrí àti ẹja gbígbẹ bá pọ̀ sí, eku ò ní ṣaláì wá. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ibà Lassa, tí eku ń gbé kiri, bẹ́ sílẹ̀ ní Accra. Olójà tó ní ológbò kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun ìdí tó fi ń sin ín.

Àwọn Yorùbá ti pẹ́ nínú ọjà ìlú yìí. Alata ni àwọn Gã ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ sì gbà pé láti ara "aláta" ni orúkọ náà ti wá. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n gbé dé ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ alata samina lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde ní Ghana, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá sì fi ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ọjà tí wọ́n kó sílẹ̀ lọ. Àwọn kan dúró, àwọn mìíràn padà nígbà tó yá. Nínú agboolé tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń gbé pẹ̀lú Gã, Akan, Ewe àti Hausa, ẹ̀rọ omi kan ni gbogbo wọn jọ ń lò, ológbò kan ni gbogbo wọn sì jọ ní. Alɔnte ni àwọn Gã ń pè é. Yorùbá ń pè é ní ológbò, ológìnní tàbí músù. Nígbà tó bá ń pa èkúté tó ń dá àpò àgbàdo lu, "ológbò wa" ni. Ọjọ́ tó bá ṣàìsàn, á di "ológbò yín". Ìwà ènìyàn hàn nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ju inú ìwàásù gígùn lọ.

Ẹ̀rù àjẹ́ náà wà níbẹ̀. Ológbò tí inú ń run á máa ké lóru, ohùn rẹ̀ á sì dà bíi tọmọ tuntun. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi máa sọ pé kì í ṣe ojú lásán, tí ẹlòmíràn á sì gbé ọmọ odó. Láàrin Yorùbá Accra tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, kò yẹ kí irú èyí wáyé rárá, nítorí wọ́n ti gbọ́ nínú hádíìsì nípa obìnrin tó wọ iná torí ológbò tó tì mọ́lé, tí kò bọ́ ọ, tí kò sì jẹ́ kó jáde lọ wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pẹ̀lú nípa Abu Qatada, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Ànábì rìn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bu omi àlùwàlá fún un, ológbò kan wá fẹ́ mu níbẹ̀, bàbá náà sì tẹ ohun èlò náà fún un títí ó fi mu tẹ́rùn. Nígbà tó rí i pé ẹnu ń ya obìnrin náà, ó sọ fún un pé Ànábì ní ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, ara àwọn tó ń wọlé tó ń jáde láàrin wa ni. Ẹ wo bàbá tó fẹ́ lọ kírun, tó dúró, tó tẹ omi sílẹ̀ fún ẹranko. Kò sí ìṣòro ńlá kan níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa kan sáárá sí i. Ó ṣáà dúró ni.

Ọwọ́ tó mọ bí a ṣe ń fún ológbò lóògùn ń kọ́ irú ìdúró yẹn. Ẹni tó bá béèrè, ohun tí dókítà máa kọ́ ọ kò le, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìkánjú. Wọ́n á tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì, wọ́n á gbé ológbò náà lé e, wọ́n á sì wé e bí ìgbà tí wọ́n ń wé ọmọ tuntun, kí orí nìkan ṣẹ́ kù síta. Èékánná rẹ̀ ò ní ríbi fa ẹnikẹ́ni ya. Ọwọ́ òsì á di orí mú láti òkè, àtàǹpàkò á wà ní igun ẹnu kan, ìka kejì ní igun kejì, wọ́n á sì gbé imú rẹ̀ sókè díẹ̀. Ìka ọwọ́ ọ̀tún á fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wálẹ̀, oògùn á bọ́ sí ìdí ahọ́n lọ́hùn-ún. Wọ́n á pa ẹnu náà dé, wọ́n á máa fọwọ́ pa á lọ́nà ọ̀fun wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá pọ́n imú lá, ó ti gbé e mì.

Kò tíì tán. Wọ́n á fi sìríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ fa omi bíi mílílítà márùn-ún, wọ́n á sì kán an díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Oògùn doxycycline tí wọ́n sábà máa ń fún ológbò tí imú ń ṣomi lè há sí i lọ́nà ọ̀fun bí kò bá sí omi tó tì í wọlé, á sì bó ibẹ̀ débi pé ọ̀nà oúnjẹ á dí. Ẹni tó bá fi ìkánjú fo omi yẹn lè wo ikọ́ sàn kó sì fi ọ̀fun dípò rẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ Yorùbá ti sábà máa ń ṣì nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ọwọ́ àgbo. Ọ̀pọ̀ ìyá mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ: ọmọ lórí itan, orí sísàlẹ̀ díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ lẹ́bàá ẹnu, àgbo nínú rẹ̀, bí ọmọ bá ti ń ké ló ń gbé e mì. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kìlọ̀ ó pẹ́ pé ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ológbò, tí wọ́n da epo pupa sí i lẹ́nu torí wọ́n rò pé májèlé ló jẹ, epo náà á wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè jẹ́ òun ló máa pa á. Àgbo tó ní áyù tàbí àlùbọ́sà nínú ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin ń mú kó gbọ̀n títí á fi kú, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọ̀tápìápìá tí àwọn kan ń fi pa á lára. Bó bá ti lá irun rẹ̀, ó ti mu ún nìyẹn. Ṣúgà tàbí oyin tí wọ́n fi ń tan ọmọdé kò sì wúlò fún un: àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i ní 2005 pé ahọ́n ológbò kò mọ adùn rárá. Òórùn ló ń fà á. Ẹja tí wọ́n bọ̀ láìsí iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà, tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ló lè mú ológbò tí imú rẹ̀ dí rántí oúnjẹ. Ó sì gbọ́dọ̀ rántí, torí bó bá gbààwẹ̀ ju ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ, ọ̀rá ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ẹ̀dọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, kò sì yẹ ká fi dójú ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ò ṣẹ̀ bó bá sọ fún dókítà pé, "Iye tí mo ní nìyí, kí lẹ lè ṣe nínú rẹ̀?" Ohun tí kò bá ọmọlúàbí mu ni ọ̀nà àbùjá tí àwọn kan ń gbà. Àwọn kan ń jẹ ẹran ológbò ní Ghana, "Joseph" ni wọ́n ń pè é. Oúnjẹ ẹni kì í ṣe ohun tí a fi ń bú aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta ológbò tó ń ṣàìsàn, tó ti gba oríṣiríṣi oògùn sára, fún ẹni tó fẹ́ sè é, tó sì dákẹ́, ó ti tan ènìyàn jẹ, ó sì ti fi ìlera rẹ̀ tàfàlà. Òfin ọ̀daràn Ghana ti 1960 ka ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìdákẹ́ yẹn, ìwà ló ń dá a lẹ́jọ́ kí òfin tó dé ibẹ̀.

Bí ológbò náà bá bu ẹnì kan jẹ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan, bó bá sì ti fara hàn lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń yè é.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá aláta. Ó ti rí àwọ̀ èrìgì yẹn, ẹ̀rù sì ti bà á. Ó gbé ológbò náà sínú báàgì Ghana-Must-Go, báàgì onílà tí lílé tí Nàìjíríà lé àwọn ará Ghana ní 1983 sọ lórúkọ, ó fi ṣíìpù rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ó sì wọ tàkísí. Ní ilé ìwòsàn ẹranko, ìbéèrè àkọ́kọ́ á jẹ́ ohun tó ti fún un. Ibẹ̀ ni ìwà rẹ̀ máa gba ìdánwò tó le ju ti àárọ̀ lọ. Ó lè ní òun kò fún un ní nǹkan kan. Ó lè ní ó jọ pé ó jẹ nǹkan níta. Ìtìjú ń bẹ nílẹ̀, dókítà kan sì lè ti jágbe mọ́ ọn rí. Dókítà tó ń jágbe mọ́ ẹni tó jẹ́wọ́ ló ń kọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn láti purọ́. Ṣùgbọ́n oògùn kan wà tó ń bá májèlé yìí jà, acetylcysteine, wákàtí díẹ̀ sí ìgbà tí ológbò gbé paracetamol mì ló sì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ìyá náà bá dákẹ́, dókítà á máa wá ohun mìíràn kiri, àsìkò á sì máa lọ.

Ó gbé báàgì náà lé tábìlì. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó mú ìdajì hóró tó kù jáde, ó gbé e síwájú dókítà.

"Èyí ni mo fún un, Dókítà. Aago mẹ́fà àárọ̀ òní ni."