Ìwòsàn Òní àti Ewu Ọ̀la

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀ràn kan wò nínú ìmọ̀ ìṣègùn: ǹjẹ́ a lè pe ìwòsàn kan ní aláìléwu nítorí pé aláìsàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò ní ilé-ìwòsàn?

Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wà tí ó ti inú ọkàn sọ̀kalẹ̀ gba inú ikùn kọjá. Nígbà mìíràn, pàápàá lára àwọn ọkùnrin àgbà tí wọ́n ti ń mu sìgá tipẹ́, ara rẹ̀ a gbó, a sì wú bí ojú ibi tí ó ti gbó lára táyà kẹ̀kẹ́ ṣe ń wú. Bí ó bá bẹ́, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń yè é. Lílà ikùn ni a fi ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ìlú Buenos Aires ní 1990, Juan Parodi gba ọ̀nà itan ti túùbù aláṣọ tí a fi irin ró wọ ibi tí ó wú, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gba inú rẹ̀ kọjá.

Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba. Nínú ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2004, àwọn tí wọ́n kú láàárín 30 ọjọ́ lẹ́yìn títi túùbù kò tó 2 nínú 100. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 nínú 100 lára àwọn tí a la ikùn wọn. Ṣùgbọ́n a tọpa àwọn ènìyàn náà fún ọdún púpọ̀, àbọ̀ ti 2016 sì fi hàn pé lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, àwọn onítúùbù ni ó ń kú jù. Túùbù lè yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè máa jò yí i ká, kí ibi tí ó wú sì bẹ́ níkẹyìn. Ìdí nìyí tí a fi ní láti máa ya àwòrán inú aláìsàn láti ìgbà dé ìgbà, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ifá ọrọọrún náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí Kabong wa níhìn-ín, ní ìlú Jọ́ọ̀sì. Ká ní àwọn ọmọ bàbá kan dá owó jọ, wọ́n gbé e lọ síbi tí a ti ti túùbù sí i lára. Ta ni yóò san owó àwòrán ní ọdún kẹta, àti ní ọdún keje? Owó àpò ara wa ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa fi ń tọ́jú ara ní orílẹ̀-èdè yìí. Túùbù kan náà tí kò léwu púpọ̀ fún ẹni tí ilé-ìwòsàn ń ránṣẹ́ pè padà lè di ewu ńlá fún bàbá wa.

Ẹlòmíràn lè wí pé kí ni ẹni ọgọ́rin ọdún fẹ́ fi ìròyìn ọdún mẹ́jọ ṣe. Kí ó yè lónìí ná. Òótọ́ wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé túùbù ni ó yẹ ẹ́ jù. Ṣùgbọ́n òun ni ó ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí a ti ń bẹ dókítà pé kí ó má sọ fún Bàbá, ìfẹ́ ni, àmọ́ a ń gba ẹ̀tọ́ yíyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpamọ́ sì léwu: ní 2003, ilé-iṣẹ́ EndoVascular Technologies ní Amẹ́ríkà gbà pé òun jẹ̀bi fífi ìṣòro tí ó pọ̀ nídìí Ancure, ọ̀kan nínú irú túùbù wọ̀nyí, pamọ́ fún ìjọba.

Ní tèmi, àdéhùn ni ààbò jẹ́ láàárín oníṣègùn, aláìsàn àti ẹbí. Kí oníṣègùn sọ ti òní àti ti ọ̀la. Kí ẹbí má dá owó iṣẹ́ abẹ nìkan, kí wọ́n dá ti àwòrán mọ́ ọn. Kí aláìsàn fúnra rẹ̀ sì yàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá di olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ láti máa béèrè ẹni tí yóò bójú tó ìwòsàn lẹ́yìn tí a bá ti kí aláìsàn kú ewu.