Ọmọ Ògún Náà Lè Sọ Pé Kí Ogun Dúró



Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí níbí, ní Clear Lake, Houston: "Ìwọ tó ò ń bọ Ògún, kí ló pa ẹ́ pọ̀ mọ́ àwọn tó ń tan àbẹ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ń sọ pé àwọn ò fẹ́ ogun?" Àwọn kan rò pé Ògún ò mọ nǹkan míì ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Ìrè. Ògún ti ojú ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn èèyàn rẹ̀ níbi ìpéjọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, wọn ò dáhùn. Ó gbé agbè ẹmu, òfìfo ni. Inú bí i, ó yọ idà, ó pa wọ́n. Nígbà tó fi máa mọ òótọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó fi idà gúnlẹ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ. Bí Ògún tó ni irin bá kábàámọ̀ idà, ta ni èmi tí n ó máa fi orúkọ rẹ̀ yin ogun?

Ẹ wo Kírìjì. Ọdún 16 ni Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ fi kojú ara wọn, láti 1877 títí di 1893. Ààrẹ Látòósà kú sí bùdó lọ́dún 1885, kò rí òpin rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà lọ́dún 1886, síbẹ̀ ó tó ọdún méje kí bùdó tó tú ká. Wọ́n ń ta ẹrú kí wọ́n lè ra ìbọn. Ọmọ ọlọ́mọ di owó ẹ̀tù.

Tí ẹ bá ní ti àtijọ́ nìyẹn, ogun Iraq ńkọ́, 2003 sí 2011? Sójà Amẹ́ríkà tó kú níbẹ̀ tó nǹkan bí 4,500. Àwọn ará Iraq tí kì í ṣe sójà tó kú lé ní 100,000. Owó tí Amẹ́ríkà ná ju bílíọ̀nù 700 dọ́là lọ. Àwa tá à ń gbé nítòsí Johnson Space Center mọ̀ pé iṣẹ́ NASA gbówó lórí. Síbẹ̀, gbogbo NASA kì í ná tó bílíọ̀nù 20 lọ́dún nígbà náà. Owó ogun yẹn ì bá tó o ná fún ọdún 35.

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ rántí Ọ̀ṣun. Nígbà tí àwọn òrìṣà ọkùnrin 16 kò kà á sí, kò bá wọn jà. Ó yẹra ni, gbogbo nǹkan wọn sì dàrú títí wọ́n fi wá bẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà yẹn náà ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tọ̀ lọ́dún 1947, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn: wọ́n jókòó síwájú ààfin, wọ́n ń kọrin nítorí owó orí. Ní January 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ní Texas wa yìí, ní August 2005, Cindy Sheehan, tí ọmọ rẹ̀ Casey kú ní Iraq, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Crawford, nítòsí ilé Ààrẹ Bush. Ó fẹ́ kí Ààrẹ sọ ohun tí ọmọ òun kú lé lórí fún òun.

N kò sọ pé ìwọ́de kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni o. Ní Lekki, 20 October 2020, àwọn ọ̀dọ́ jókòó pẹ̀lú àsíá, sójà yìnbọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ́de, orí ara rẹ̀ ló gbé ẹbọ lé. Ẹni tó gbé ogun dìde, orí ọmọ ẹlòmíì ló sábà máa ń gbé e lé.

N kò bú sójà kankan. Ọmọ Ògún pọ̀ nínú wọn. Nítorí tiwọn gan-an la ṣe ń sọ pé kí àwọn aláṣẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó yọ idà. Ọkọ́, àdá, ọkọ̀ àti abẹ dókítà, ti Ògún ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀nyí bọ ọ́.

Ògún ò ní fi ẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀. Àwọn ọmọ tó lọ, wọn á fẹsẹ̀ ara wọn rìn wálé. Àṣẹ.