Ẹ Ka Àwọn Ọmọ Kí Ọkọ̀ Tó Gbéra

Ibi kíkà: Lúùkù 2:41–52, Ẹ́sírà 8:15–31

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ìrìn-àjò kékeré tí bàbá, ìyá àti ọmọ lè jọ rìn ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ìgbafẹ́ ní í ṣe pẹ̀lú ìwàásù. Ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì wa kí a wò ó.

Lúùkù sọ fún wa pé ọdọọdún ni Jósẹ́fù àti Màríà máa ń lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ Ìrékọjá. Nígbà tí Jésù di ọmọ ọdún 12, wọ́n mú un dání. Àjọ parí, èrò sì kọrí sí ilé. Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n ti rìn kí wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ kò sí láàárín wọn. Bóyá bàbá rò pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ó wà, bóyá ìyá náà rò pé ó wà lọ́dọ̀ bàbá. Àwọn méjèèjì gbà pé bí kò bá sí níhìn-ín, yóò wà lọ́dọ̀ ẹbí tàbí ojúlùmọ̀. Ó di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó rí i.

Ẹ kíyè sí i pé òbí rere ni wọ́n. Ilé Ọlọ́run ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ wọn, wọn kò sì rin ìrìn ẹ̀ṣẹ̀ kankan. "A ṣe bí" ni ó dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀: a ṣe bí ó wà lọ́dọ̀ rẹ, a ṣe bí ẹnìkan ti mójú tó o.

Ẹ̀yin ìyá, "a ṣe bí" yìí pọ̀ nínú ilé wa ní Ìbàdàn. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ìyá ti jáde lọ sí ọjà Bódìjà tàbí sí ọ́fíìsì ní Dúgbẹ̀ kí àwọn ọmọ tó jí dáadáa. Bàbá ń bọ̀ láti Challenge ní alẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ọmọ ti ilé-ìwé bọ̀, ó tún kọjá sí ibi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ì bá jẹ́ ti gbogbo ilé dé, aṣọ ẹbí ni a fà yọ: ìnáwó ìsìnkú ní Ring Road, ìgbéyàwó ní Agbowó. Nítorí pé àwọn ọmọ ń jẹun, tí wọ́n sì ń lọ sí ilé-ìwé, a ṣe bí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ilé sílẹ̀ lọ sí yunifásítì ni ọ̀pọ̀ òbí ń mọ̀ pé àlejò ni àwọn ti ń bọ́ láti ọjọ́ yìí. Wíwá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Ìtàn ìyá kan wà nínú ìran ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Susanna Wesley bí ọmọ 19, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ó kú ní ìkókó. Ní òru ọjọ́ 9 oṣù Èrèlé ọdún 1709, iná sọ ní ilé àlùfáà tí wọ́n ń gbé ní Epworth. Obìnrin tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ gbé Charles tí ó jẹ́ ọmọ ọwọ́, ó sì ní kí àwọn yòókù máa tẹ̀ lé òun. Ìgbà tí wọ́n bọ́ síta ni wọ́n mọ̀ pé John, ọmọ ọdún 5, kò tẹ̀ lé wọn. Oorun ni ó ń sùn ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Iná ti gba àtẹ̀gùn. Ọkùnrin kan gun èjìká ẹnìkejì rẹ̀, ó sì fa ọmọ náà yọ lójú fèrèsé kí òrùlé tó wó lulẹ̀. Ọmọ yìí ni Ọlọ́run wá lò láti dá ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Susanna ya àkókò sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, láti bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Nígbà tí John ti dàgbà, tí ó ti di olùkọ́ ní Oxford, ó ṣì kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé òun ń ṣàárò alẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà. Ìyá yìí kò fi kíkà àwọn ọmọ rẹ̀ mọ sí ọjọ́ iná. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń kà wọ́n.

Èyí ni a fi ń sọ pé ìrìn-àjò òpin ọ̀sẹ̀ kì í ṣe eré lásán. Inú ọkọ̀ kan náà ni bàbá, ìyá àti ọmọ jọ wà. Kò sí yàrá tí ẹnikẹ́ni lè sá wọ̀. Bí a bá pa fóònù tì, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nílé yóò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Láàárín wákàtí méjì, òbí yóò gbọ́ ohun tí kò gbọ́ láti oṣù mẹ́fà.

Ọlọ́run sì fi wá sí ìlú tí ọ̀nà yà láti inú rẹ̀ lọ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdílé tí kò bá tíì rin irú ìrìn báyìí rí lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ìlú: ọgbà ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọgbà Agodi, tàbí ilé-ìṣọ́ Bower ní Òkè Àrẹ, tí àwọn àgbà ń pè ní Láyípo. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ. Orí òkè yìí ni ọmọ yóò ti rí bí ìlú rẹ̀ ti tóbi tó.

Bí ó bá di ìrìn àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ bọ̀, ìlú Ọ̀yọ́ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ bí a bá gba Òjòó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le lè gba Mọníyà lọ sí Ìsẹ́yìn, kí ó dé Adó-Àwáyè, níbi tí omi Ìyàkẹ́ wà lórí òkè àpáta. Abẹ́òkúta náà wà níbẹ̀ ní ọ̀nà Ọ̀mí-Adió, nǹkan bí 80 kìlómítà. Ẹ fi Òkúta Olúmọ han àwọn ọmọ, kí ẹ sì sọ ìtàn yìí fún wọn: ní ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, míṣọ́nárì Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ adúláwọ̀, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà, ó rìn dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọ tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn tí ó rìn ni ìhìnrere fi dé ọ̀dọ̀ wa. Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ jìnnà, ẹ má ṣe é ní ìrìn ọjọ́ kan. Bí ẹ bá sùn lọ́nà, ẹ wá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ bá wọn jọ́sìn ní ọjọ́ Àìkú. Ìrìn-àjò kò gbọdọ̀ gba ọjọ́ Olúwa lọ́wọ́ wa.

Báwo ni a ó ṣe múra? Ẹ́sírà ni olùkọ́ wa. Ó fẹ́ kó àwọn ènìyàn láti Bábílónì lọ sí Jerúsálẹ́mù. Létí odò Áháfà, ó dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ó yẹ àwọn ènìyàn wò, ó rí i pé kò sí ọmọ Léfì kankan, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó kéde àwẹ̀ kí Ọlọ́run lè ṣe ọ̀nà wọn ní rere, pàápàá nítorí àwọn ọmọdé wọn. Lẹ́yìn náà, ó wọn fàdákà àti wúrà, ó sì fi lé àwọn tí yóò mójú tó o lọ́wọ́. Ó gbàdúrà, ó sì kà. Àdúrà kò dí i lọ́wọ́ láti kà, kíkà kò sì sọ àdúrà rẹ̀ di aláìnígbàgbọ́.

Nítorí náà, kí a má ṣe fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo táyà tí ó ti gbó. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún: 1519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ lè máa dán lójú kí ó ti dàgbà jù. Ẹ béèrè bóyá awakọ̀ sùn dáadáa, ìbáà jẹ́ bàbá ilé fúnra rẹ̀. Iye bẹ́líìtì tí ó wà nínú ọkọ̀ ni kí ó jẹ́ iye èrò. Ọmọ tí a gbé lé ẹsẹ̀ ní iwájú ni yóò kọ́kọ́ forí sọ gíláàsì bí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Ẹ̀yìn ni ibi tirẹ̀. Láti ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀. Nọ́ńbà 122 ni a fi ń pè wọ́n láìsan owó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n sórí.

Ẹ mú wákàtí tí ẹ ó padà kí ẹ tó kúrò nílé, kí ilẹ̀ má ṣu bá yín lọ́nà. Bí òjò bá ṣú dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ọkọ̀ ń dún bí kò ṣe ń dún tẹ́lẹ̀, ẹ yí padà. Jósẹ́fù àti Màríà kò tijú láti padà sẹ́yìn ní ìrìn ọjọ́ kan. Àjò kò dùn kí onílé má re ilé.

Ní ti owó, ẹ má jẹ́ kí ó dá yín dúró. Ẹ ti ilé se ìrẹsì, ẹ se mọ́ínmọ́ín, ẹ gbé omi dání. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo tó ìdílé kan lọ sí Ọ̀yọ́ kí ó sì gbé wọn padà. Ìdílé tí kò ní ọkọ̀ lè pa pọ̀ mọ́ ìdílé mìíràn nínú ìjọ kí wọ́n jọ háyà bọ́ọ̀sì. Ẹ rántí opó àti àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń pín ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ fò. Ọmọ tí a bá ń kà, ọmọ ọ̀dọ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́run pàṣẹ ìsinmi nínú Deutarónómì orí 5, ó dárúkọ ìránṣẹ́kùnrin àti ìránṣẹ́bìnrin, ó ní kí àwọn náà sinmi. Kí á má ṣe mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sí Olúmọ láti gbé ìkòkò ìrẹsì, kí ó jókòó ti ọkọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wa ń gun òkè. Ìyá kan wà ní ìlú rẹ̀ tí ó ṣe bí ọmọ òun wà ní ọwọ́ rere. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, Jésù bá àwọn òbí rẹ̀ padà sí Násárétì, ó sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Màríà kò sọ ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà nù, ó fi í pamọ́ sínú ọkàn. Kí mẹ́ta oṣù tí ó ń bọ̀ yìí tó parí, ẹ mú ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì sọ fún àwọn olóde pé ẹ ti ní ìpè. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ gbàdúrà, ẹ pe orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí a pè dáhùn. Lẹ́yìn náà kí ọkọ̀ gbéra.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, ìwọ tí o ka irun orí wa, kọ́ wa láti ka àwọn tí o fi fún wa. Wá àwọn tí ó ti sọnù nínú ilé wa. Ṣọ́ àlọ wa, ṣọ́ àbọ̀ wa, má sì jẹ́ kí ọ̀kan nínú wa dín. Nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.